Mo Pe Ìyá Mi ní Aládùúgbò

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí yìí, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ̀ mí ní Bàrígà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi dúró lójú ọ̀nà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kà á tán, kí ẹ mú ohun tó bá kàn yín níbẹ̀. Mi ò ní ẹni tí mo lè jókòó tì sọ ọ́ fún, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ ránṣẹ́.

Orúkọ tí wọ́n sọ mí ni Rọ̀kíbátù. Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni mí, àmọ́ Bàrígà ni mo gbé jù láyé mi. Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni ọkọ mi, Kàsúmù, kú. Nígbà tí mo jókòó opó tán, ó ku èmi àti Morọ́láyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, nínú yàrá kan ní ìhà Ìlàjẹ, níbi tí èéfín ẹja yíyan ti máa ń jí wa láràárọ̀.

Mo mọ kọ̀ǹpútà lò. Kàsúmù ló ní kí n lọ kọ́ ọ. Mo gbé ìwé ẹ̀rí mi kiri. Ní ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Pedro, ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wo hìjáàbù mi látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ ná, a ó ránṣẹ́ sí yín." Kò béèrè ibi tí mò ń gbé.

Dọlápọ̀, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé, ló wá sọ fún mi nípa ilé ìtẹ̀wé Màdáàmù Bámilóyè ní Ṣómólú. Ó ní ẹni tó ń bá wọn tẹ ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà ti kúrò, wọ́n sì ń wá ẹlòmíràn ní kíá.

"Àmọ́ ajíhìnrere ni Màdáàmù," ó sọ. "Bọ́ nǹkan orí rẹ yẹn kó o tó débẹ̀. Kó o sì wá orúkọ tó rọrùn."

"Ṣé ó ní òun ò gba mùsùlùmí ni?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó dìgbà tó bá sọ ọ́?"

Mo ní mi ò lè ṣe é. Mo délé, mo bá Morọ́láyọ̀ nídìí gààrí tó ṣẹ́kù láti àárọ̀. Ó ti da omi púpọ̀ sí i kó lè pọ̀ lójú. Kò ráhùn. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò ráhùn, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ kejì, mo wọ hìjáàbù mi jáde nílé. Nígbà tí mo dé Fọlá Àgòrò, mo yà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan, mo bọ́ ọ, mo ká a, mo sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpò mi. Atẹ́gùn fẹ́ sí mi lọ́rùn. Ó ṣe mí bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ló ń wò mí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ yíjú sí mi.

Màdáàmù Bámilóyè jẹ́ ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí n tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó kan kí òun wò ó. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó dáadáa, ó mi orí.

"Kí lorúkọ rẹ?"

Títí mo fi jókòó síwájú rẹ̀, mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹnu mi ló sọ ọ́.

"Rúùtù, mà."

"Orúkọ tó wù mí nìyẹn. Ó dáa, Sístà Rúùtù. A máa ń gbàdúrà ká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ o. Má máa pẹ́."

Kò bi mí lẹ́sìn mi. Èmi ni mo dáhùn ohun tí wọn ò bi mí.

Mo sọ fún ara mi pé títí dìgbà tí ẹsẹ̀ mi bá fi rinlẹ̀ ni. Mo rò pé ó lè tó oṣù mélòó kan.

Àràárọ̀ la máa ń dúró yípo ẹ̀rọ ńlá tó wà láàárín ilé iṣẹ́, a ó di ọwọ́ ara wa mú. Màdáàmù á gbàdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá kàn mí, á ní, "Olúwa, dúró ti ọmọ rẹ Rúùtù, má fi opó yìí sílẹ̀." Mo máa ń ṣe àmín. Mo fẹ́ àdúrà yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbà á fún, tí èmi kàn dúró síbi tó yẹ kó dúró sí.

Ìrun ńkọ́? Nínú yàrá tí wọ́n ń kó pépà sí, àyè kan wà láàárín àwọn páálí tí ẹnì kan lè dúró sí. Ibẹ̀ ni mo ti ń kí Àyìlá, ìrun ọ̀sán. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn, màá kí i kíákíá, mi ò ní jẹ́ kí ètè mi gbé ohùn jáde rárá.

Lọ́jọ́ kan, mo wà ní ìforíkanlẹ̀ nígbà tí Adéjìmí, tó ń mójú tó ẹ̀rọ, gbá ilẹ̀kùn.

"Sístà, kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Pépà ni," mo sọ látorí ilẹ̀ tí mo wà.

Mo dá ìrun yẹn dúró láàárín, mi ò sì padà parí ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kó gbogbo ìrun ojúmọ́ jọ di ìgbà tí mo bá délé. Nígbà tó yá, ó ń rẹ̀ mí, mo ń fo òmíràn. Lẹ́yìn náà, mi ò kí i mọ́ àyàfi tó bá jẹ́ pé Morọ́láyọ̀ ń wò mí.

Màdáàmù tún bi mí pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni mò ń lọ. Mo ní èyí tó wà lẹ́bàá omi ni.

"Ti Pásítọ̀ Ikúmápàyí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mi ò rí Pásítọ̀ Ikúmápàyí rí láyé mi.

Nítorí irọ́ yẹn ni mi ò ṣe lè lọ sí àdúrà asalátù àwa obìnrin ní ọjọ́ Àìkú mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé oníbàárà kan lè rí mi láàárín àwọn obìnrin yẹn. Wọ́n máa ń ránṣẹ́ béèrè mi. "Ìyá Morọ́láyọ̀, ṣé kò sí? A ò gbúròó yín." Mo máa ń ní iṣẹ́ ni. Nígbà tó ṣe, wọn ò ránṣẹ́ mọ́.

Dọlápọ̀ lọ́kọ, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Òun nìkan ló mọ̀ mí lọ́nà méjèèjì. Lẹ́yìn tó lọ, kò sí ẹnì kan tí mo lè jókòó tì láì pa nǹkan kan mọ́. Àwọn ti ibi iṣẹ́ mọ Rúùtù. Àwọn ti àdúgbò mọ Rọ̀kíbátù. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi láti Ṣómólú sílé, mi ò jẹ́ ìkankan nínú méjèèjì. Mo máa ń fẹ́ kí ọ̀nà yẹn gùn sí i, torí ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò ti ní pè mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin gíga kan wọlé láti wá tẹ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Màdáàmù fò dìde.

"Pásítọ̀ Ikúmápàyí, ẹ káàbọ̀ sà. Ọmọ ìjọ yín ló ń tẹ̀wé fún wa o. Sístà Rúùtù nìyí."

 Ọkùnrin náà wò mí. Ojú tó fi wò mí kò le, àmọ́ ó pẹ́ lára mi.

"Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ wa," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́, arábìnrin."

Nígbà tí Màdáàmù lọ mú ìwé wá, ó tẹ̀ sítòsí mi. "Mi ò mọ̀ yín. Mi ò sì fẹ́ kó ìtìjú bá yín. Àmọ́ obìnrin yẹn fẹ́ràn yín. Ẹ lọ sọ òótọ́ fún un fúnra yín, kó tó di pé ẹlòmíràn sọ ọ́."

Mo ní mo gbọ́, sà. Mi ò sọ ọ́.

Nígbà tí Morọ́láyọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, kò sí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án. Màdáàmù ní kó máa wá sọ́dọ̀ wa. Ó ra bàtà fún un. Ó máa ń bù lára oúnjẹ tirẹ̀ fún un. Kó tó di ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, mo mú ọmọ náà jókòó.

"Tí a bá wà níbẹ̀, Rúùtù lorúkọ mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé à ń kírun. Bí wọ́n bá bi ẹ́ ní nǹkan nípa ilé wa, ṣáà rẹ́rìn-ín."

"Ṣé irọ́ la máa pa ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Eré ni."

Ó mọ eré náà ṣe jù mí lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ wá, mo gbọ́ tó ń sọ fún Màdáàmù pé ọjọ́ Kérésì ni òun fẹ́ràn jù lọ. Màdáàmù rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn kò dé inú mi.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn. Nígbà tó di ọdún kẹta, ààwẹ̀ Ràmàdáànì bọ́ sí àkókò tí iṣẹ́ pọ̀ jù ní ilé ìtẹ̀wé. Ìbò ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olóṣèlú ń tẹ pósítà, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì sì ń tẹ kàlẹ́ńdà. Mò ń gbààwẹ̀. Ó kéré tán, mi ò jẹ́ kí ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ mi. Tí Màdáàmù bá bu oúnjẹ ọ̀sán fún wa, màá ní inú ń run mí, màá sì fún Adéjìmí. Tí oòrùn bá wọ̀, màá wọ yàrá pépà, màá fi dàbínù kan àti omi ṣínu lórí ìdúró, màá nu ẹnu, màá sì padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Ọdún yẹn ni ìyá mi wá láti Àgọ́-Ìwòyè láti wá bá wa gbààwẹ̀. Ó ní ilé òun dákẹ́ jù fún òun. Àgbàlagbà ni, orúnkún ń dùn ún, àmọ́ kì í pa ààwẹ̀ kan jẹ. Morọ́láyọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń wọnú aṣọ rẹ̀ sùn. Màmá Àgọ́ ló máa ń pè é.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ń wò mí bí mo ṣe ń di àpò mi.

"Rọ̀kí, kí ni wọ́n ń fún yín ṣínu níbi iṣẹ́ yẹn?"

"Wọ́n ń fún wa lóúnjẹ, Màámi."

"Ó dá mi lójú pé kì í ṣe oúnjẹ gidi. O ti rù."

Mo rẹ́rìn-ín, mo jáde. Mi ò mọ̀ pé ó ti pinnu nǹkan kan lọ́kàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú kan kún iwájú ilé iṣẹ́, wọ́n ń dúró de pósítà wọn. Ẹ̀rọ ń pariwo. Màdáàmù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù. Morọ́láyọ̀ jókòó sórí páálí kan, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà, ọ̀fun mi ti gbẹ.

Mo gbọ́ ohùn kan níta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi kan ń ṣiṣẹ́ níbí. Rọ̀kíbátù."

Adéjìmí dá a lóhùn. "Màmá, kò sí Rọ̀kíbátù níbí."

"Ó wà níbí. Òun ló ń tẹ kọ̀ǹpútà."

"Sístà Rúùtù ló ń tẹ kọ̀ǹpútà wa, Màmá."

Mo dìde. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi ló dúró síbẹ̀ nínú hìjáàbù funfun rẹ̀, tó so abọ́ mọ́ inú aṣọ, tó gbé e dání lọ́wọ́ méjèèjì. Eruku ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti béèrè ọ̀nà láti Bàrígà dé Ṣómólú. Ó rí irun orí mi ní ìta gbangba. Ojú rẹ̀ dúró síbẹ̀ díẹ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ojú mi.

Màdáàmù yí sí mi. "Sístà Rúùtù, ṣé o mọ màmá yìí?"

Mo ti rò ó títí láti ìgbà yẹn. Àyè wà fún mi. Ojú Màdáàmù ò le. Kò sí ẹni tó dì mí lẹ́nu mú. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló yẹ kí n sọ.

"Mo mọ̀ wọ́n, mà. Aládùúgbò wa ni. Wọ́n máa ń bá mi wo ọmọ."

 Ìyá mi wo Morọ́láyọ̀, bí ẹni pé ọmọ yẹn máa tún un ṣe. Ọmọ tó máa ń sáré kó sí i láyà tó bá ti rí i, òun ló dìde láti orí páálí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà." Bí a ṣe ń kí àlejò. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi, láti mọ̀ bóyá òun ṣe é dáadáa.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ìyá mi wá sọ fún Màdáàmù. "Aládùúgbò ni mí. Oúnjẹ ọmọ yìí ni mo gbé wá."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ọlọ́run á bù kún yín. Irú aládùúgbò báyìí ṣọ̀wọ́n."

Ìyá mi gbé abọ́ náà fún mi. Kò jẹ́ kí ọwọ́ wa kan ara wọn. Ó yí padà, ó sì ń lọ, ó ń tiro díẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀. Mo dúró wò ó títí ó fi kọjá àwọn tó ń gé pépà níkangun òpópónà. Mi ò pè é. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Orúkọ olóṣèlú tí mò ń tẹ̀, mo ṣì í tẹ̀ léraléra.

Morọ́láyọ̀ wá dúró tì mí. Ó sọ sí mi létí pé, "Màámi, Màmá Àgọ́ ń sunkún."

"Lọ jókòó," mo sọ.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Méjì nínú àwọn tó ń gé pépà gbé ìyá mi wọlé, wọ́n fi apá gbé e bí ẹni gbé ọmọ. Ó ti ṣubú lẹ́bàá gọ́tà.

"Ta ni Rọ̀kíbátù níbí?" ọ̀kan nínú wọn béèrè. "Orúkọ tí màmá yìí ń pè nìyẹn. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni."

Gbogbo èèyàn ń wo ara wọn. Wọ́n tẹ́ ìyá mi sórí bẹ́ǹṣì. Ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó rí ibi tí wọ́n tún gbé òun padà sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

"Rárá," ó sọ, ohùn rẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ jáde. "Mi ò ní ọmọ níbí. Ẹ gbé mi lọ sílé. Aládùúgbò ni mí."

Ó ń dáàbò bò mí. Nínú ipò tó wà yẹn, èmi náà ló ń dáàbò bò.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ Morọ́láyọ̀ ló kọ́kọ́ ké. Ó sáré dì mọ́ ìyá mi, ó ń sunkún kíkorò.

"Màmá Àgọ́ ni. Ìyá màámi ni. Mi ò ṣe eré mọ́. Màámi, mi ò ṣe mọ́."

Adéjìmí pa ẹ̀rọ. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni làdáànì mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Màgàríbì. Mo kúnlẹ̀. Mo tú aṣọ orí abọ́ náà. Àkàrà ni, àti ẹ̀kọ tó ṣì gbóná, àti omi nínú ike. Mo gbé orí ìyá mi sókè.

"Bísímíláì, Màámi. Ẹ ṣínu. Wọ́n ti pe ìrun."

Ó mu omi náà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo wọn ń wò mí, kò sì sí ìkankan tó bínú lójú. Ìbá sàn fún mi kí wọ́n bínú. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí wọn ò rí rí.

Màdáàmù mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Òun ló fi gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Bàrígà.  Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde wá béèrè pé ta ni ẹbí màmá, Màdáàmù ò yíjú sí mi. Ó dúró kí n fi ẹnu ara mi dáhùn.

"Èmi ni," mo sọ. "Rọ̀kíbátù. Ọmọ wọn ni mí."

Ó gbọ́ ọ, ó sì bọ́ síta lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ara ìyá mi yá. Nígbà tí a délé ní ọjọ́ kejì, ó jókòó sórí ẹní, ó ń fi ìka yí tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀ bí ọkùnrin, torí pé ìkúnlẹ̀ kò tó lójú mi.

"Dìde," ó sọ. Ó fi èdè Ìjẹ̀bú wa bá mi sọ̀rọ̀, èyí tó máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo kéré. "Ìyà ló jẹ ẹ́, mo mọ̀. Ẹni tó lọ́mọ lọ́wọ́ tí kò lọ́kọ, ohun tó bá rí ló máa ń dì mú. Mi ò bínú nítorí orúkọ. Ọmọ yìí ló ń dùn mí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, Rọ̀kí. Ó kí mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ojú rẹ̀ ò sì yẹ̀."

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ọjọ́ orí mi tó báyìí, mi ò fi ẹnu ààwẹ̀ purọ́ rí," ó ní. "Àná ni mo ṣe é."

Ó ní kí n fún òun lọ́mọ náà kí òun lọ tọ́ ọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò pàṣẹ. Ó bẹ̀ mí ni. Morọ́láyọ̀ ti di aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá kó tó di pé mo dáhùn.

Mo padà sí Ṣómólú láti lọ gba ohun tó bá kàn mí. Mo wọ hìjáàbù mi láti ilé, mi ò sì bọ́ ọ ní Fọlá Àgòrò. Màdáàmù wà nínú yàrá rẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Mo wá dágbére ni."

"Ta ló lé ẹ?" Ó wo hìjáàbù mi, kì í ṣe pẹ̀lú ìkórìíra. "Mùsùlùmí ni ìyá tó bí ìyá mi. Ìdí pépà níbẹ̀ yẹn ló ti máa ń kírun tó bá wá kí mi."

Mo jókòó.

"Mi ò mọ̀, mà."

"O ò béèrè." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ohun tó ń dùn mí ni pé àràárọ̀ ni mo máa ń di ọwọ́ rẹ mú. Mo máa ń gbàdúrà fún ẹnì kan. Ta lẹni náà?"

Kò lé mi. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, kí n sì máa lọ kírun nígbà tí ìrun bá tó. Mò ń kí i ní gbangba báyìí, kò sí ẹni tó ń gbá ilẹ̀kùn. Adéjìmí tilẹ̀ gbé páálí kan kúrò kí àyè lè fẹ̀ sí i. Àmọ́ láàárọ̀, tí wọ́n bá dúró yípo ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó na ọwọ́ sí mi. Mo máa ń jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n á fi ṣe àmín. Mo máa ń gbọ́ tí Màdáàmù ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń kí mi dáadáa. Wọn kì í bá mi ṣàwàdà mọ́.

Bóyá tí mo bá ti sọ orúkọ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó máa gbà mí. Bóyá kò ní gbà mí. Ìyá tó bí ìyá ẹni yàtọ̀ sí ẹni tí a fẹ́ gbà síṣẹ́. Mi ò lè mọ̀ ọ́n láé, torí mi ò jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́, tí ẹ ń fi ọwọ́ kejì gbé ọmọ, mi ò ní kí ẹ má wá oúnjẹ o. Ebi kì í ṣe ohun àwàdà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé irọ́ tí mo rò pé èmi nìkan ni mo ń pa, mo ti fi kọ́ ọmọ mi. Mo tún ti fi mú ìyá mi pa á. Bí wọ́n bá máa tì yín jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n tì yín jáde pẹ̀lú orúkọ yín. Ẹ ó lè délé sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá yìí, mo lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Ìyá mi se oúnjẹ púpọ̀. Morọ́láyọ̀ ti ga, ó ń lọ sí ilé kéwú lẹ́yìn ilé ìwé, ó sì ké súrà kan fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó dijú, ó ń mì síwájú sẹ́yìn. Mi ò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó di àkókò àtilọ, mo sọ fún un pé mo ti gba yàrá tó fẹ̀ díẹ̀. Mo ní ilé ìwé dáadáa kan wà nítòsí wa. Mo bi í bóyá yóò bá mi padà.

Ó kọ́kọ́ wo ojú ìyá mi. Ìyá mi gbé ojú kúrò, kó má bàa jẹ́ òun ni yóò dáhùn fún un.

"Ẹ jẹ́ kí n ka kéwú parí, kí n ṣe wólímọ̀ ná, Màámi," ó sọ. "Ẹ máa wá wò mí."

Ìyá mi bá mi gbé àpò dé gáréèjì. Ó ti bu oúnjẹ sínú abọ́ fún mi, ó sì ní kí n má jẹ́ kó tutù kí n tó jẹ ẹ́. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí ọkọ̀ kún, awakọ̀ ń béèrè iye àwa tó ń lọ papọ̀, kó lè mọ bí yóò ṣe tò wá.

Mo ní èmi nìkan ni.